Mo Di Rédíò Létí Kí N Má Baà Gbọ́ Ariwo

Iṣẹ́ riwáyà ni mo kọ́ ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin gbáko kí n tó ṣe fíríìdọ̀mù. Iná orí mọ́tò, hóònù, sítátà, gbogbo ìyẹn, mo lè di ojú mi kí n tú wọn, kí n sì tò wọ́n padà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan pè mí pé kí n wá bá àwọn de rédíò ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ inú ọkọ̀ wọn: tírélà mẹ́fà, àti Hilux kan tó máa ń ṣáájú wọn láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Rédíò VHF ni, irú èyí téèyàn máa ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ gbohùngbohùn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Wáyà pupa, wáyà dúdú, áńtẹ́nà. Kí ló tún kù níbẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni mo fi de ti Hilux. Mo fa iná láti inú àpótí fíúsì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí rédíò orin ti ń mu iná tẹ́lẹ̀. Mo de wáyà dúdú mọ́ bóòtù kan tí mo rí nítòsí. Áńtẹ́nà onímágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rà, mo gbé e lé òrùlé ọkọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbàgà. Mo tan rédíò, ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, ohùn akọ̀wé ọ́fíìsì jáde ketekete. Mo gbọn ọwọ́ nù. Ìgbà náà ni dírẹ́bà sítáàtì ọkọ̀.

Fíììììì. Bí ẹ̀fọn tó ń fò létí èèyàn lóru. Bí dírẹ́bà bá tẹná, ẹ̀fọn náà a gbé ohùn sókè. Bó bá gbẹ́sẹ̀, ohùn náà a wálẹ̀. Òmíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀, tá-tá-tá-tá, bíi gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò. Mo ní kí dírẹ́bà má dààmú, pé bí rédíò inú ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Irọ́ ni. Mi ò mọ bó ṣe máa ń ṣe, mo kàn fẹ́ gba owó mi ni.

Kókó kan wà lára irú rédíò yìí tí wọ́n ń pè ní squelch. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, kí rédíò panu mọ́ dípò kó máa hó ṣááá létí èèyàn. Ẹ fi wé mégáàdì ẹnu géètì: ohùn tó bá lágbára, á jẹ́ kó wọlé, èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, á tì í mọ́ta. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń yí i sókè ni mégáàdì náà ń le sí i. Mo yí i títí ẹ̀fọn fi dákẹ́, tí gúgúrú náà sì dákẹ́. Inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́. Ọ̀gá wá wò ó, ó ní mo gbìyànjú, ó san owó mi pé, ó tún fún mi lówó ọkọ̀.

Àwọn dírẹ́bà tírélà máa ń sọ pé tí Hilux bá ń sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀fọn kan máa ń bá a rìn. Mo ní rédíò tiwọn ni kí wọ́n lọ wò.

Ó lé lóṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, iná iwájú Hilux ń kú lójijì, ọ̀gá ní kí n bá wọn rìn lóru kan kí n lè wo ohun tó ń ṣe é. A kọjá Ọ̀yọ́, a forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà náà kò dára nígbà yẹn, tírélà ń fà lẹ́yìn, àwa wà níwájú. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti ń lọ tó ń bọ̀ ni. Nígbà tó yá, dírẹ́bà wa dúró kó lọ tọ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Èmi jókòó, kò sóhun tí mò ń ṣe, mo bá ń fi ọwọ́ yí kókó squelch yẹn sókè sódò bí ọmọdé. Bó ṣe dé ìsàlẹ̀ pátápátá, rédíò hó ṣááá, ohùn kan sì jáde láàárín rẹ̀.

"... Hilux, Hilux, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ohùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Àlàájì ni, tó ń wa tírélà kẹta. Ààsìlì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ti tó àádọ́ta ìṣẹ́jú tó ti ń pè wá. A ò jìnnà ju kìlómítà mẹ́wàá sí i lọ ní gbogbo àkókò náà.

Nígbà tá a padà débẹ̀, a bá a lórí jẹ́ríkéènì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó fi tọ́ọ̀ṣì sáàárín itan. Mọ́tò-bọ́ọ̀yì rẹ̀ ti fẹsẹ̀ rìn lọ wá abúlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, mo pè yín títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Mo ń rò ó nínú òkùnkùn yẹn: ká ní àwọn tí kò yẹ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dé ńkọ́? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo gba owó ọkọ̀ lé e.

Ó yẹ kí n ti rí ìdáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ó hàn kedere: ẹ́ńjìnnì kú, ohùn dé. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Rédíò ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo tú ti tírélà kan, mo fi sínú Hilux. Ẹ̀fọn náà ń kọrin lọ. Mo wá gbọ́ pé wọ́n ń ta ohun kan tó ń sẹ́ ariwo, fíltà, téèyàn máa ń so sáàárín wáyà iná. Mo ra ọ̀kan, owó mi ni mo fi rà á, mi ò lójú láti bi ọ̀gá. Ẹ̀fọn lọ sílẹ̀ díẹ̀, inú mi dùn. Bí dírẹ́bà ṣe sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú méjì, òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú ọkọ̀. Àṣé àwọn tó ṣe fíltà náà kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ámpù 5 ló lè gbé. Rédíò tó ń ju wáàtì 45 sáfẹ́fẹ́ máa ń fa ámpù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì. Tó bá ń gbọ́ nìkan, kò tó ámpù kan. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti tan ara ẹni jẹ: gbogbo nǹkan á dára títí tẹ́ ẹ máa fi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn fíltà, alternator ló kàn, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Mẹkáníìkì ní ariwo tó bá ń bá ẹ́ńjìnnì gòkè tó sì ń bá a sọ̀, alternator ni. Kò parọ́. Mo lọ sí ọjà Àràrómi ní Gate, mo ra tòkúnbọ̀ kan, mo yọ ti inú ọkọ̀, mo tà á fún àwọn onírin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀. Ẹ̀fọn wá ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá kan wà tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Queen Cinema. Mo gbé rédíò náà lọ bá wọn, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Ariwo yẹn, ṣé ojú wáyà iná ló ń gbà wọlé ni, àbí ojú áńtẹ́nà?" Mo ní mi ò mọ̀. "Ṣé o ò mọ ojú ọ̀nà tí olè gbà wọlé, o wá ń ra kọ́kọ́rọ́? Lọ tú áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ṣí squelch sílẹ̀, sítáàtì ọkọ̀, kí o gbọ́. Èyí tó bá kù, wáyà iná ló gbé e wá. Èyí tó bá lọ, áńtẹ́nà ló ń gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n má tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ o, wàá jó o ni." Agbára tí rédíò fẹ́ jù sáfẹ́fẹ́ kò ní rí ibi gbà jáde bí áńtẹ́nà kò bá sí níbẹ̀, inú rédíò ló máa padà sí.

Mo ṣe é ní gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe tú áńtẹ́nà, gúgúrú dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ̀fọn ò lọ rárá. Mo so ó padà, gúgúrú dé. Mo tú u, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ariwo méjì ni, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọlé, oṣù mẹ́ta ni mo sì ti fi ń wá oògùn kan ṣoṣo fún wọn.

Ti ẹ̀fọn ni mo kọ́kọ́ mú. Kí n má tan yín, inú ìwé kékeré tó bá rédíò wá nínú páálí ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti fi àwọn ojú ewé kan wé àkàrà, ṣùgbọ́n àwòrán ibi téèyàn ti ń fa iná kò tíì bàjẹ́: wáyà méjèèjì, pupa àti dúdú, tààrà láti orí bátìrì, fíúsì lára méjèèjì, nítòsí bátìrì. Mo ti ní ìwé yẹn lọ́wọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí mo ṣe lóye rẹ̀ nìyí. Iná tí alternator ń ṣe kì í jáde ní títẹ́jú; ó ń gbọ̀n, dáódù inú rẹ̀ ló ń tún un ṣe, ìgbọ̀n díẹ̀ sì máa ń kù. Bátìrì dà bí odò ńlá, ìgbì kékeré kò hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò fa omi láti inú odò, ojú gọ́tà tí gbogbo ilé ń da omi sí ni mo ti bu tèmi: fáànù, wáípà, iná, gbogbo wọn ń mi wáyà kan náà. Bóòtù tí mo de dúdú mọ́ ńkọ́? Abẹ́ kíkùn àti ìpẹtà ló wà.

Mo ra wáyà tó nípọn, èyí tí wọ́n ń pè ní mílímítà 6, mo fa méjèèjì gba inú ihò tí rọ́bà wà lára rẹ̀ lọ síwájú. Ẹ má fa wáyà gba ojú irin lásán. Irin á máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí iná á fi ṣẹ́yọ. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni fíúsì ń ṣe lára dúdú. Tí wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bátìrì bá já lọ́jọ́ kan, sítátà á wá ọ̀nà míràn tí iná rẹ̀ á gbà padà, ara wáyà dúdú rédíò yín ló lè gbà. Ó lè jó ju rédíò lọ. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ìgbàlódé tí ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì tó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde, ẹ má de dúdú mọ́ orí bátìrì gan-an. Ibi tí wáyà bátìrì ti so mọ́ ara ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ dè é mọ́. Tẹ́ ẹ bá dè é sórí bátìrì, ìṣirò ọkọ̀ náà á dàrú.

Ẹ̀fọn lọ sílẹ̀ gan-an, kò tán. Ibẹ̀ ni mo ti mú mítà, mo sún un sí AC, ibi tó ti ń ka iná tó ń gbọ̀n, mo gbé e lé orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Mítà fi ohun tó lé ní 28 hàn. Ojú mi ranko, mo rò pé ọkọ̀ fẹ́ gbiná. Àṣé mítà olówó pọ́ọ́kú máa ń ka iná bátìrì fúnra rẹ̀ mọ́ AC, á sì ka iye rẹ̀ ní bí ìlọ́po méjì. Tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ mítà padà, òdo ló máa kà. Mo yá mítà gidi lọ́wọ́ bàbá Queen Cinema. Èyí kà ju ìdajì fóltì lọ. Tí dáódù bá pé, kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá. Dáódù kan ti kú nínú tòkúnbọ̀ tí mo rà. Èyí tí mo tà fún onírin, kò sóhun tó ṣe é. Mo lọ wá onírin náà. Wọ́n ti kó o lọ.

Ní ti gúgúrú, mo ní láti ṣàlàyé ohun kan tó jẹ́ kí orí mi wú nígbà tí mo kà á. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, Heinrich Hertz, kọ́kọ́ fi ìgbì rédíò han ayé ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1887, iná tó ń ta pàù láàárín irin méjì ló fi ṣe é. Ohun tí plọ́ọ̀gì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. Hilux wa, pẹtiróòlù ló ń mu, sílíńdà mẹ́rin. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni iná ń ta nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ rédíò mẹ́rin ló ń pariwo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a sì gbé áńtẹ́nà lé e lórí.

Ìdí tí ariwo náà kì í fi í pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni pé wọ́n máa ń fi rẹsísítọ̀, ohun kékeré tó ń tẹ iná lórí ba, sínú plọ́ọ̀gì. Tó bá jẹ́ ti NGK tàbí Denso, ẹ wo lẹ́tà R láàárín orúkọ rẹ̀. Mo tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì ní R, méjì kò ní. Ẹnì kan ti pààrọ̀ méjì lára wọn, ó rí èyí tó wọ ihò, ó fi sí i. Tí ojú ò bá ríran ka lẹ́tà náà, ẹ fi mítà wọn láti orí rẹ̀ dé irin àárín ìsàlẹ̀: èyí tó ní rẹsísítọ̀ máa ń ka nǹkan bí óòmù 5,000, èyí tí kò ní á ka òdo. Mo fi mẹ́rin olórí R sí i. Gúgúrú dín kù, ó ṣẹ́ ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Èyí tó kù, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e jáde. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dà bí ìdérí ìkòkò, ó yẹ kó bo ariwo mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kíkùn àti gíríìsì ìdè rẹ̀ kì í jẹ́ kó kan ara ọkọ̀ dáadáa. Mo la wáyà áńtẹ́nà àtijọ́ kan, mo yọ awọ irin híhun tó wà nínú rẹ̀, mo fi so bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo ha kíkùn dé irin dídán, mo fi wáṣà eléyín sí i, mo fi gíríìsì bò ó kó má baà pẹtà.

Lẹ́yìn náà, áńtẹ́nà. Mo lọ bá ọ̀gá pé a ní láti dá ihò lu òrùlé, kí ìdí áńtẹ́nà kan irin gan-an, kó sì wà láàárín, ibi tó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì.

"Ìwọ! O fẹ́ lu ihò sórí mọ́tò mi? Kí òjò máa wá bá mi jókòó níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, rọ́bà wà ní ìdí rẹ̀, omi kò ní wọlé."

"Tó bá wọlé ńkọ́?"

"Ẹ má san owó mi sà."

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbà. Nígbà tí mo gbé áńtẹ́nà onímágínẹ́ẹ̀tì kúrò, ìdí rẹ̀ ti ha kíkùn, ìpẹtà ti yí i ká bí òrùka, wáyà rẹ̀ sì ti fẹ́ já níbi tí ilẹ̀kùn ti ń fún un. Omi kò tíì wọ inú Hilux títí di òní.

Mo rò pé mo ti parí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, dírẹ́bà ní ariwo míràn ti dé. Kì í ṣe ẹ̀fọn, kì í ṣe gúgúrú, ó kàn ń hó bí epo gbígbóná, kì í sì í wá nígbàkígbà tí mo bá ń wò ó. Ó dé gáréèjì, rédíò mọ́ tónítóní. Ó jáde, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí. Mo fẹ́ sunkún. Ọjọ́ tí mo wá bá a jókòó nínú ọkọ̀ láti Mọ́kọ́lá dé Òjòó ni mo rí i tó mú fóònù rẹ̀, tó ki ṣájà bọ inú ihò ìtanná sìgá. Ṣááá! Mo yọ ọ́, ariwo lọ.

"Bọ̀dá, ṣájà yín ni o."

"Ṣájà tí mo fi owó mi rà? Rédíò rẹ ni kò fẹ́ kí n gbádùn!"

Ṣájà yìí kékeré, ó ń sọ fóltì 12 di 5 nípa títan àti pípa iná ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó dára máa ń bo ariwo rẹ̀. Àwọn olówó kékeré kì í bò ó. Àwọn gílóòbù LED kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra ṣájà míràn fún un. Mo tún ké kókó dúdú ara wáyà mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ (ẹ ó ti rí i, ó dà bí àgbá kékeré), mo fọ́ rọ́bà rẹ̀, mo yí wáyà ṣájà gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Òkúta inú rẹ̀ máa ń gbé irú ariwo yẹn mì. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń dà á nù.

Ti àwọn tírélà kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Dísù ni wọ́n ń mu, wọn ò ní plọ́ọ̀gì, nítorí náà kò sí gúgúrú. Àṣìṣe mi lọ́dọ̀ wọn yàtọ̀: bátìrì méjì ni wọ́n ní, fóltì 24, rédíò sì fẹ́ 12. Mo fa iná lára bátìrì kan ṣoṣo. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, bátìrì yẹn wá ń kú nígbà gbogbo, èkejì sì ń gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Bátìrì méjì ni mo fi sanwó ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12 ni wọ́n ń lò báyìí, a sì fi kókó dúdú sí wáyà rẹ̀ náà.

Báyìí, bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tuntun wá, mi ò kì í tú ohunkóhun. Mo máa ń jókòó sínú rẹ̀, mo máa ń ṣí squelch sílẹ̀ pátá nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí n lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, mo gbọ́ bóyá pọ́ǹpù epo ń kùn. Mo wá sítáàtì, mo tẹná. Mo tan iná, fáànù, wáípà. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni mo máa ń yí squelch sókè, díẹ̀díẹ̀, títí híhó ọ̀hún á fi dákẹ́, mo sì dúró síbẹ̀. Mo ti fi kíkùn funfun sàmì sí ibi tí ti Hilux ń dúró sí, mo sì ti sọ fún dírẹ́bà pé bí ariwo bá dé, kó pè mí, kó má yí i.

Àlàájì ṣì ń wa tírélà kẹta. Ohùn wọn ń dé sínú Hilux bí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n á pe rédíò, a ó dáhùn, wọ́n á ní ó dáa. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì wà, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí fóònù mi á tún dún: "Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ nínú rédíò un?"